Òjìji Kẹrin

"Ọ̀gá, mo ti mú wọn!" Dasom akẹ́kọ̀ọ́ já wọ ọ́fíìsì ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀, ó tẹ́ bébà sórí tábìlì.

Iṣẹ́ wọn nílùú Daejeon ni wíwo ìmọ́lẹ̀ kúésà, iná tó jìnnà réré lójú ọ̀run. Bí gáàsì háídírójìn bá dábùú rẹ̀ lọ́nà, òjìji á hàn nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Bí gáàsì bá ṣe pọ̀ tó ni òjìji á ṣe fẹ̀ tó. Ọ̀jọ̀gbọ́n a máa há ayédèrú òjìji sáàárín àwọn gidi láti dán ojú akẹ́kọ̀ọ́ wò. Ẹni tí kò bá dá wọn mọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n á bú u bí ẹni láyin.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní ojú ẹja gbígbẹ sàn ju tèmi lọ. Ó dáa, ayédèrú yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rèé! Mo ti yọ gbogbo wọn dànù. Ìkẹrin yìí tiẹ̀ fẹ̀ jù, Ọ̀gá. Ta lẹ fẹ́ fi ìyẹn tàn jẹ?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo òjìji kẹrin náà. Láti ọgbọ̀n ọdún, kò rí irú rẹ̀ rí.

"O gbìyànjú. Lọ jẹun."

Dasom tẹríba, ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó jáde.

Ayédèrú mẹ́ta péré ni ọ̀jọ̀gbọ́n fi síbẹ̀. Ó tilẹ̀kùn, ó fa bébà tuntun yọ láti kọ ìròyìn òjìji kẹrin náà, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ nìkan sókè.