Àwẹ̀ró Lẹ́yìn Kẹ̀kẹ́

Nígbà tí ọ̀nà òkè Ẹ̀fọ̀n ṣì jẹ́ ilẹ̀ pupa, ẹni tó bá kú sídàálẹ̀, irun orí àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wálé sin. Ẹni tó gbé e kì í wẹ̀yìn, bó bá sì dé odò, á pe òkú lórúkọ, kó má baà kù sẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ ni Bámgbóyè ṣe di irun àti èékánná Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀ tó kú sóko, sínú aṣọ funfun, tó so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, tó gbéra lóko kòkó lóun nìkan. Ẹkún ló ń sun nígbà tó kọjá odò ìsàlẹ̀ òkè. Kò pe ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ ti ṣú kó tó gun òkè náà dé ìdajì. Ló bá ń gbọ́ ẹsẹ̀ tó rin fómi lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni.

"Bàbá Ìdòwú, ẹ tún fi mí sílẹ̀! Bí ẹ ṣe gbàgbé mi sọ́jà lọ́jọ́sí, tẹ́ ẹ gbé iṣu délé nìyẹn." Ohùn náà ń rẹ́rìn-ín.

Bámgbóyè mọ ohùn ìyàwó rẹ̀. Kó rí ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré ló wù ú. Ṣùgbọ́n bó bá wẹ̀yìn, ojú ọ̀nà yẹn ni Àwẹ̀ró yóò máa gbé títí ayé.

Ó fẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀. "Má bínú, Àwẹ̀ró. Wá jókòó. Ilé là ń lọ."

Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rọlẹ̀. Ọwọ́ méjì tó tutù dì í mú níbàdí. Bámgbóyè ń gun òkè lọ láìwẹ̀yìn, ó sì ń gbọ́ tí Àwẹ̀ró ń sunkún sí ẹ̀yìn aṣọ ọkọ rẹ̀.