Kí Onírùngbọ̀n Tó Dìde

Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni ìyá Fadá Kékeré fún un nígbà tó ń lọ sí òkè òkun láti kọ́ iṣẹ́ àlùfáà.

"Àlejò lójú, kò fi ríran," ni ìyá wí. "Má lọ dá tìẹ ṣe níbẹ̀ o. Ẹni tó o bá bá nílé, ohun tó bá ṣe ni kó o ṣe. Tó bá kúnlẹ̀, kúnlẹ̀. Tó bá dìde, dìde."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó bá a gbé àpótí, tó sì jẹ́ pé òun ló sọ ọ́ ní Fadá Kékeré láti ìgbà tó ti ń gbé àbẹ́là lẹ́yìn àlùfáà, ní bí wọ́n bá lé e padà, kó má wulẹ̀ wá sílé. Gbogbo ìjọ ni ìyá wọn ti ròyìn fún. Àní àwọn tí kì í ṣe Kátólíìkì pàápàá ti bá a jó.

Ilé ẹ̀kọ́ náà ga, ògiri rẹ̀ nípọn, ilẹ̀kùn àbájáde kan ṣoṣo ló ní. Bí ọdún bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé á kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan dákẹ́: kò sí fóònù, kò sí ọ̀rọ̀, àfi àdúrà. Fadá àgbà tó ń darí ibẹ̀ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Ohun tí Fadá Kékeré rí mú níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá la ẹnu á padà sílé ìyá rẹ̀, àti pé ọjọ́ tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá parí ni wọn yóò sọ ẹni tí yóò dúró. Ìyókù gba orí rẹ̀ kọjá.

Ó wá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan ni wọ́n fi sí ìjókòó tó kángun sí tirẹ̀, nílé àdúrà àti nídìí tábìlì. Ó ga, ewú ti ń yọ nínú irùngbọ̀n rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ sútánà rẹ̀ ti gbó. Bàtà rẹ̀ nìkan ló jẹ́ tuntun, ó ń ké kín-ín-kín-ín bó bá ń rìn. Fadá Kékeré dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àgbà ilé nìyí. Ó sọ ọ́ ní Onírùngbọ̀n nínú ọkàn rẹ̀, ó sì di ẹ̀yìn rẹ̀ mú.

Nídìí oúnjẹ, ọbẹ̀ ẹran ń rú èéfín, búrẹ́dì gbígbẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fadá Kékeré na ọwọ́, ó dá a dúró lókè búrẹ́dì, ó ń retí. Onírùngbọ̀n wo ọbẹ̀, ó wo ọwọ́ náà, ó mú búrẹ́dì. Fadá Kékeré náà mú búrẹ́dì. Àwọn tó kù ń jẹran. Ó rò ó títí ó fi yé e: ẹ̀gbẹ́ tábìlì tiwọn ni ti àwọn tó ń gbààwẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, búrẹ́dì ni.

Ilé àdúrà ló wá le jù. Bí àdúrà ọ̀sán bá parí, àwọn tó kù á jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù láìsọ̀rọ̀, bọ́ọ̀lù á máa dún gbì lára ògiri. Onírùngbọ̀n kì í dìde. Á dúró lórí orúnkún bí òpó, á máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo Fadá Kékeré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Fadá Kékeré mọ ìwò yẹn. Wọ́n ní kó máa ṣọ́ òun ni. Ohun tí àgbà bá jókòó rí, ọmọdé kì í dúró rí i. Nílé yìí, orí ìkúnlẹ̀ ni àgbà ti ń rí i. Orúnkún rẹ̀ wú bí àgbọn. Àfi tí ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ bá wá mi kọ́kọ́rọ́ láti tilẹ̀kùn ni àwọn méjèèjì tó máa ń fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀nà kan yí ọgbà òdòdó po nínú àgbàlá. Ibẹ̀ náà ló ti ń tọ Onírùngbọ̀n lẹ́yìn, títí ìró bàtà yẹn á fi máa wá láti ẹ̀yìn òun fúnra rẹ̀. Bó bá yára, bàtà á yára. Bó bá dúró, bàtà á dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sú u. Ó lọ sídìí ilẹ̀kùn àbájáde. Ẹ̀ṣọ́ ti sùn lọ sórí àga, kọ́kọ́rọ́ wà lójú ihò. Ó rántí ìyá rẹ̀, ó rántí ọbẹ̀ ẹran, ó na ọwọ́. Kín-ín-kín-ín. Onírùngbọ̀n ti dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òun náà sì na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Fadá Kékeré fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn. Onírùngbọ̀n náà fa tirẹ̀. Wọ́n padà sílé àdúrà, wọ́n kúnlẹ̀.

Nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ parí, Fadá àgbà pe àwọn méjèèjì síwájú gbogbo ilé. Ṣòkòtò Fadá Kékeré ń yọ̀ nídìí rẹ̀ lábẹ́ sútánà, ó fi ọwọ́ dì í mú. Ó ti ń ronú ohun tí yóò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Fadá àgbà rọra ń sọ̀rọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yé e.

"Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹran," ni Fadá àgbà wí. "Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀ títí wọ́n á fi tilẹ̀kùn. Àtìgbà tí mo ti wà nílé yìí, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ojú tì mí. Ẹ̀yin méjèèjì ti dúró. Láti òní lọ, bí ẹ ti ń ṣe ni gbogbo wa á máa ṣe."

Àwọn tó kù wò wọ́n bí ẹni tó gbé owó orí wọ̀lú. Wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹran padà sí ilé ìdáná. Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, kò sẹ́ni tó dìde, kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù. Gbogbo ilé kúnlẹ̀ lọ rẹrẹ, Fadá àgbà pẹ̀lú wọn, wọ́n kọjú sí ẹ̀yìn àwọn méjèèjì.

Onírùngbọ̀n wá sún mọ́ Fadá Kékeré, ó sì la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rọra sọ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ má bínú, àtọjọ́ tí mo ti dé sílé yìí, ẹ̀yin ni mò ń wò, ìgbà wo lẹ tiẹ̀ máa ń dìde?"