Ta Ló Jó Oúnjẹ?

Agogo iná ń han gooro. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun náà sáré bọ́ sínú yìnyín ìlú Lund ní Sweden tòun ti sálúbàtà, ó bá gbogbo ará ilégbèé wọn níta, wọ́n ń gbọ̀n. Ó rántí pé ọ̀dùnkún òun wà lórí ààrò! Bàbá Rune, alábòójútó ilé, sì ti lérí pé òun máa lé ẹni tó bá tún jó oúnjẹ.

Ó lọ bá a. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni. Ọ̀dùnkún mi ló jó."

"Ọ̀dùnkún tó tutù rínrín? O ò tilẹ̀ tan iná sí i."

"Ta ló wá jó oúnjẹ?"

Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mú ohun tó fi pamọ́ sẹ́yìn jáde. Páànù ẹja ni, gbogbo rẹ̀ ti di èédú.

"Rọra sọ̀rọ̀, ọmọ mi," ló wí. "Ọ̀dùnkún yẹn, ṣé ó lè tó ẹni méjì?"