Ìdáhùn Sálámọ̀

Lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ náà dé ní ọjọ́ Ajé, Ìyá Oníkéwú sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó gbà pé òun ni wọ́n ń pè. Wọ́n fẹ́ kí ó wá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn Ìsìláàmù fún àwọn ọmọ kíláàsì kejì. Inú kíláàsì yẹn ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin wà.

Láti ìgbà tí ọmọ náà ti rí àyè ọ̀fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ńlá tí ìjọ dá sílẹ̀ yìí ló ti ń yẹra fún un. Tí wọ́n bá pàdé ní òpópónà, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí kò rí i. Ìyá ọmọ náà kò sì tún ọ̀rọ̀ ṣe. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dé ilé ẹ̀kọ́ yẹn rárá. Ẹ má sì bi mí nídìí ẹ̀." Ìyá Oníkéwú kò bi í, nítorí ó gbà pé òun mọ ìdí rẹ̀. Ojú ń ti ọmọ tí òun pọ̀n dàgbà nítorí ìbòrí òun. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé lẹ́tà dé. Bí onílé fúnra rẹ̀ bá ránṣẹ́ pe àlejò, ta ló kù tó máa ní kó má wá?

Ní Ọjọ́bọ̀, ó kó búùtà, ẹní ìkírun àti wàláà sínú báàgì. Tíṣà, ọ̀dọ́bìnrin kan tó rẹ́rìn-ín dáadáa, pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Àwọn ọmọ wa ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀sìn yín. Ohun kan péré ni mo fẹ́ tọrọ. Kíkí yín yẹn, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni kí ẹ fi parí. Ẹ jẹ́ kó dún sókè."

"Ìyẹn ò le, ọmọ mi. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu."

Wọ́n kọ nọ́ńbà sára tábìlì kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin kan ti lọ jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, tíṣà sì dá a padà sí àyè tirẹ̀. Lẹ́yìn pátápátá, ọkùnrin kan tó wọ táì jókòó, ó gbé ìwé tí wọ́n ya àpótí àpótí onínọ́ńbà sí lé orí itan. Ìyá Oníkéwú rò pé alábẹ̀wò ni, ó wá fún òun ní máàkì. Ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó doríkodò sínú ìwé.

"Àsàlámù àlékùmù!"

Ọmọkùnrin ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ńlá kan níwájú la ẹnu, ó sì tètè pa á dé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò tilẹ̀ gbórí sókè.

Ìyá Oníkéwú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi búùtà ṣe àlùwàlá lójú wọn. Ó ní kí aláriwo kíláàsì bọ́ bàtà kó wá dán an wò. "Ẹsẹ̀ yìí! Omi gan-an á kọ́kọ́ ronú kó tó kàn án." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, kíláàsì sì di tirẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ máa ń bo orí tí ẹ bá ń wẹ̀?" ni ẹnìkan béèrè.

"Ṣé ìwọ máa ń wọ ṣòkòtò wẹ̀ ni?"

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu.

"Màmá mi ní Ọlọ́run yín ò gbọ́ èdè wa," ni ọmọbìnrin kan wí.

"Ó ń gbọ́ ti màmá ẹ náà. Sùúrù ló ń ṣe."

Ọkùnrin ẹ̀yìn yẹn náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àkókò kù díẹ̀, Ìyá Oníkéwú gbé wàláà sílẹ̀. Gbogbo wọn ló ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń wò.

"Kíkí tí mo kí yín lẹ́ẹ̀kan, sálámọ̀ là ń pè é. Àlàáfíà là ń tọrọ fún ara wa. Ẹni tó bá jẹ́ Mùsùlùmí tó gbọ́ ọ, dandan ni kó dá a lóhùn, ìbáà jẹ́ pé ojú ń tì í. Mo ní ọmọ kan tí mo kọ́ ọ lórí itan mi nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Tí kò bá tíì dáhùn, mi ò ní gbé ṣíbí sí i lẹ́nu. Ó máa ń pariwo ẹ̀ débi pé àwọn ará ilé kejì á ṣàmín. Mo ti dàgbà. Ohùn yẹn ni mo fẹ́ gbọ́ kí n tó kú."

Ọkùnrin ẹ̀yìn yẹn dìde dúró. Bóyá ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

"Àsàlámù àlékùmù!"

Àga kan ró gbàà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Wàlékùmù sàlámù wàráhúmátùlái wàbàrákátù!"

Bó ṣe máa ń pariwo rẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́ta ló ṣe pariwo rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ńlá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin méjì lẹ́bàá fèrèsé náà dáhùn, wọ́n sì yíjú wo ara wọn tìyanu-tìyanu.

Ìyá Oníkéwú la apá, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì sáré wá bá a.

"Màmá àgbà, mi ò lè dákẹ́ mọ́. Ẹ bá mi bẹ Màmá mi, kí wọ́n má bínú."

"Bínú kẹ̀? Inú ìyá ẹ á dùn ni." Òun náà ti ń sunkún ayọ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin náà fún tíṣà ní ìwé rẹ̀, àpótí mẹ́rin ló ti fi bírò pupa yí ká nínú rẹ̀, ó ní kó yọ ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi ayédèrú tí àwọn òbí ọmọ mẹ́rin náà fi gba àyè ọ̀fẹ́ ọmọ ìjọ kúrò nínú fáìlì, kí àwọn ọmọ náà má sì padà wá lọ́la, lẹ́yìn náà ó yíjú sí Ìyá Oníkéwú, ó tẹrí ba, ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun gan-an ni, ṣé ọjọ́ Ìṣẹ́gun á rọ̀ yín lọ́rùn fún kíláàsì kẹta?"