Erùpẹ̀ Nínú Aṣọ Ijó

Òdòdó ni àwọn obìnrin oníjó bẹdaya, ijó ààfin ọba, máa ń dì sínú aṣọ gígùn tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn wọn, kó lè máa fọ́n jáde bí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ gbá a. Nínú ijó tuntun tí Wilujeng gbé kalẹ̀, erùpẹ̀ ni. Oko ìyá rẹ̀ ló ti bù ú, kí katakata iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tó dé ibẹ̀. Ọ̀gá iléeṣẹ́ náà, Pak Gunardi, ni àlejò pàtàkì ọjọ́ ijó, Wilujeng sì fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i.

"Nduk, ọmọ mi, ṣé orí ẹ pé?" Bu Kasmirah, olùkọ́ rẹ̀ láti kékeré, ló ń pariwo. Òun ló ni gbọ̀ngàn tí wọ́n ti máa jó o. "Kí àwọn ọmọ mi máa fẹsẹ̀ gbá oko ìyá ẹ kiri bíi bọ́ọ̀lù?"

"Bu, ẹ má bínú, ijó mi ni."

"Ijó ẹ! Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń dúró? Ẹni tó gba oko ni kó kó erùpẹ̀ ẹ̀, kì í ṣe gbọ̀ngàn tèmi!"

Wilujeng gbé àpò erùpẹ̀ rẹ̀ síbi aṣọ ijó, ṣùgbọ́n olùkọ́ ló máa ń wọ aṣọ fún oníjó, kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ ijó, àpò erùpẹ̀ di àwátì. Wilujeng bá Bu Kasmirah ní ilé ìdáná, obìnrin tí kì í dáná fún àlejò, ó ń di ìrẹsì tí wọ́n máa ń ki ẹran adìẹ sí láàárín sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bu Kasmirah yára fi àwo bo abọ́ iwájú rẹ̀.

"Ẹ tún ń se oúnjẹ fún Pak Gunardi? Ẹni tó lé ìyá mi lóko!"

"Àlejò ni. Lọ lẹ àtíkè mọ́jú."

Òdòdó ni Bu Kasmirah dì sáṣọ àwọn oníjó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Wilujeng dúró lẹ́yìn òpó, ó ń ṣépè fún un nínú. Ọ̀dàlẹ̀ àgbà! Òdòdó fọ́n, Pak Gunardi pàtẹ́wọ́. Nígbà tí Bu Kasmirah fi orúnkún rìn dé iwájú rẹ̀ pẹ̀lú àwo oúnjẹ, bíi pé ọba ló jókòó síbẹ̀, omijé ìbínú bọ́ lójú Wilujeng.

Pak Gunardi tú ewé náà lójú gbogbo èèyàn, ó gé ìrẹsì náà jẹ gbàmù, àfi bí erùpẹ̀ dúdú oko ìyá Wilujeng ṣe kún un lẹ́nu, níbi tó yẹ kí ẹran adìẹ wà.