Ẹ Má Ṣáná

“Ẹ má ṣáná o!” òṣìṣẹ́ ìjọba pariwo.

Ìyá Saidat di ìṣáná mú gírígírí. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni, ilé ìdáná rẹ̀ l’Ágùdà sì ṣókùnkùn. Gáàsì ń rùn burúkú: sílíńdà tuntun tí ọkùnrin náà wá fi kọ́ wọn ló ń jò.

“Ẹ̀yin lẹ ní ká pa sítóòfù kẹrosíìnì tì!”

“Ẹ fara balẹ̀, mà. Gáàsì ni gbogbo Nàìjíríà ń bọ̀ wá lò.” Ó fọwọ́ wá orí sílíńdà nínú òkùnkùn, ó yí i pa. “Òórùn á lọ. Bí nǹkan kan ò bá ṣáà ti ta iná, kò séwu.”

“Fíríìjì wa ńkọ́? Tí wọ́n bá ti mú iná wá, ìdí ẹ̀ máa ń ta pàrà.”

Níta, àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè: “Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!”