Ahọ́n Bàbá Mọ́rádékẹ́

Gẹ̀gẹ̀ ń yọ Ìyá Mọ́rádékẹ́ lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì tó. Inú súwẹ́tà ló ń gbé nínú oòrùn. Kọ́bọ́ọ̀dù oògùn kan wà nílé wọn, ẹ̀rọ onípákó tó ń sọ̀rọ̀, tó sì ń ti ara ahọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wò. Láràárọ̀, kí ó tó fún ìyá ní oògùn gẹ̀gẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ lò kí a tó jẹun, ìyá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ahọ́n sí i. Bí kọ́bọ́ọ̀dù bá gbóòórùn oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, yóò fẹjọ́ rẹ̀ sun Mọ́rádékẹ́, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ìyẹn á sì wá fi oṣù kan gbáko ṣọ́ ọ.

Láàárọ̀ yìí, ìyá ti tọ́ iyọ̀ ẹ̀wà wò. Lójú tirẹ̀, ìtọ́wò kì í ṣe oúnjẹ, àmọ́ ta ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún pákó?

“Bàbá Mọ́rádékẹ́, ẹ dákun, ẹ bá mi yọ ahọ́n yín sí i. Kò lójú.”

Bàbá yọ ahọ́n.

“Ẹ kú oríire, Mà,” ni kọ́bọ́ọ̀dù wí. “Ẹ̀jẹ̀ àti fítámì yín ti pé. Ẹ̀dọ̀ màlúù tí dókítà ní kí ẹ máa jẹ lójoojúmọ́ ti ṣiṣẹ́.”

Ìyá rọra yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Ológbò wo lẹ ní ó ń jí ẹ̀dọ̀ mi jẹ nínú ìkòkò?”

Bàbá fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ti ròyìn tán.